Mẹkáníìkì gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sórí ọkọ̀ mi jákujàku: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹja ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní ọkọ̀ fáíbà kan tí àbúrò mi fi ń kó ẹja láti àwọn abúlé etí ọ̀sà, ó sì máa ń gbé èrò díẹ̀ mọ́ ọn. Mo kó owó lé mẹkáníìkì kan lọ́wọ́ pé kó bá mi ra ẹ́ńjìnnì 40 họ́ọ̀sì tuntun, kó sì gbé e sórí ọkọ̀ náà. Kò tíì pé oṣù kan tí omi fi ń jò wọlé níbi tó lu ihò sí, bóòtù tó fi dè é sì ti dípẹtà. Bí àbúrò mi bá fẹ́ yà, ẹ́ńjìnnì á kàn máa ké, ọkọ̀ ò ní sá. Omi tí ẹ́ńjìnnì ń tọ̀ náà máa ń dá dúró nígbà mìíràn. Mẹkáníìkì ní kò tó nǹkan, pé kí n mú owó wá kí òun wá tún un tò. Àwọn ẹbí mi ní kí n fi ọlọ́pàá mú un. Èwo ni kí n ṣe? Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀ kún èyí tí ẹ ti san, ẹ má sì jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Kí àbúrò yín so ọkọ̀ mọ́ èbúté ná. Mo mọ̀ pé ẹja kì í dúró de èèyàn, mo sì mọ̀ pé gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ ò bá jáde, owó ló ń lọ. Ṣùgbọ́n bóòtù méjì péré ni mo rí nínú àwòrán yín, méjèèjì nísàlẹ̀. Lókè, ìdè méjì tí a ń fi ọwọ́ yí nìkan ló di ẹ́ńjìnnì mú, pákó kan tí wọ́n kì bọ àárín ni wọ́n sì gbá mú, kì í ṣe ara ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó lé ní 70 kílò nìyẹn. Bó ṣe ń gbọ̀n ni ìdè yẹn á máa tú díẹ̀díẹ̀. Bí pákó náà bá là lójú eré, ẹ́ńjìnnì lè fò kó já sínú ọkọ̀ pẹ̀lú pùrópélà tó ń yí, tàbí kó fa ẹ̀yìn ọkọ̀ ya kó sì bọ́ sínú ọ̀sà. Ẹ jọ̀ọ́, èèyàn kankan ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, bó ti wù kí ìrìn náà kúrú tó.

Bóòtù tó dípẹtà ló ń bí yín nínú jù, ó hàn nínú ìwé yín. Ó yẹ kó bí yín nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ibi tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà ga dé ni ẹ̀tẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Igbe tó ń ké nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà, afẹ́fẹ́ ni pùrópélà ń gbá dípò omi. Bí ọkọ̀ bá yà, ó máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Pùrópélà tó ti wà lókè jù tẹ́lẹ̀ á wá súnmọ́ ojú omi, afẹ́fẹ́ á wọ ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa sáré lásán nítorí pé kò rí nǹkan kan tì. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn apá tó wọ inú omi, kò jìnnà sí pùrópélà. Bí ìyẹn bá yọ lójú omi, omi tó ń tọ̀ á dá dúró. Irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ báyìí ò ní rẹdiétọ̀. Omi ọ̀sà tó ń fà yẹn nìkan ló ń tù ú lára. Bí omi bá ń já gbà báyìí lójú eré, inú ẹ́ńjìnnì ń gbóná kọjá bó ṣe yẹ, èyí sì lè ti bà á jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹ dá mẹkáníìkì lẹ́bi lórí omi yẹn kí ẹ tó yẹ ohun kan wò. Ní ọ̀sà wa, ọ̀rá omi pure water àti ojú oró máa ń dí ẹnu ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi. Kí àbúrò yín gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè kó yẹ ihò náà wò dáadáa. Bó bá mọ́ tónítóní, tí omi sì tún ń dá dúró kìkì nígbà tí ọkọ̀ bá yà tàbí tí ìgbì bá wà, a jẹ́ pé gíga rẹ̀ ló fà á.

Ẹ wá téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan. Gígùn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú wà fún ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ní íǹṣì 15, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn wà fún íǹṣì 20, èyí tó gùn jù ú lọ sì wà fún íǹṣì 25. Ẹ wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ yín ní àárín gbùngbùn, láti orí ibi tí ìdè ẹ́ńjìnnì jókòó lé títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ara ọkọ̀ parí sí. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ka pákó yẹn mọ́ ọn nígbà kan, kí ẹ má kà á mọ́ ọn nígbà kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo irin kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí lára ibi tó ti so mọ́ ọkọ̀. Bó bá jẹ́ Yamaha ni, lẹ́tà S ní ìparí kóòdù ẹ́ńjìnnì túmọ̀ sí ẹsẹ̀ kúkúrú, L sì ni ẹsẹ̀ gígùn. Ẹ ya àwòrán nọ́ńbà náà, a máa tó dé ibi tí yóò ti wúlò.

Ìwọ̀n kan ṣì kù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Lókè pùrópélà, irin pẹlẹbẹ kan wà tó tẹ́ bí abẹ́bẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì dúró ṣánṣán, kí ẹ wá gbé igi gígùn tó tọ́ sábẹ́ ọkọ̀ kó yọ dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí irin pẹlẹbẹ yẹn bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó rẹlẹ̀ sí i ní nǹkan bí íǹṣì kan. Bó bá fi íǹṣì méjì tàbí mẹ́ta ga ju ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ, ẹ ti rí ẹjọ́ yín. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú téèpù nínú rẹ̀, kí nọ́ńbà hàn ketekete.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ téèpù ni pé bí irú aáwọ̀ yìí bá ṣẹlẹ̀ ní èbúté, mẹkáníìkì á ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹni tó ni ọkọ̀ á ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, àwọn tó wà níbẹ̀ á sì gbè sẹ́yìn ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù. Obìnrin ni yín, ẹ kì í sì í ṣe awakọ̀. Wọ́n máa fẹ́ sọ fún yín pé ẹ ò lóye ẹ́ńjìnnì. Kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ bẹ́ẹ̀ fún íǹṣì mẹ́ta tó wà nínú àwòrán.

Ìwọ̀n yẹn náà ni yóò sọ fún yín iye tí wàhálà yìí máa ná yín. Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí ọkọ̀ sì jẹ́ íǹṣì 20 láìka pákó, pákó yẹn ló gbé e ga. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n dí ihò àtijọ́, kí wọ́n lu tuntun, ó parí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ni ó lọ rà fún ọkọ̀ tó ga ní íǹṣì 20, kò sí títò kankan tó lè tún un ṣe. Ó lè sọ fún yín pé òun máa gé ẹ̀yìn ọkọ̀ wálẹ̀. Ẹ má gbà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ ni ìgbì ń gbà wọlé, pàápàá nígbà tí awakọ̀ bá dín eré kù lójijì tí omi ẹ̀yìn rẹ̀ sì lé e bá. Ẹ́ńjìnnì ni kó pààrọ̀. Òun ló yàn án, ẹ̀yin kọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká wo omi tó ń jò. Nínú ẹ̀yìn ọkọ̀ fáíbà, pákó plywood ni wọ́n máa ń fi há àárín fáíbà kó lè gbé ẹ́ńjìnnì. Ihò tí wọn ò bá dí dáadáa á máa gba omi sínú plywood náà, á sì jẹrà bí iṣu tó ń jẹrà láti inú, èèpo rẹ̀ á ṣì máa dán lójú. Ẹ mú owó ẹyọ kan tàbí èkù ọ̀bẹ, kí ẹ máa fi kan ẹ̀yìn ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó le máa dún kókó. Ibi tó ti rọ̀ máa dún bòm̀bòm̀. Ọkọ̀ yín ò tíì pẹ́ lórí ihò yìí, ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ ṣì le. Nǹkan funfun tó fi dí ihò nínú àwòrán jọ sílíkóònù tí wọ́n ń lò nílé ìwẹ̀. Ìyẹn kì í pẹ́ lábẹ́ omi. Èyí tó yẹ ni gọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi, irú Sikaflex tí wọ́n ṣe fún inú omi. Ihò tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, epoxy, gọ́ọ̀mù tó máa ń le gan-an, ni kí wọ́n fi dí i. Púútì tí àwọn panel-beater fi ń tún ara mọ́tò ṣe máa ń mu omi, ẹ má jẹ́ kó gbé e débẹ̀.

Bóòtù ńkọ́? Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Bó bá gbá a mú pinpin, irin lásán ni, bí wọ́n tilẹ̀ fi nǹkan dídán bò ó. Ojúlówó stainless kì í sábà fa mágínẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Omi ọ̀sà wa lè ní iyọ̀ nínú, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, irin lásán ò sì lè dúró níbẹ̀. Mẹ́rin ni bóòtù gbọ́dọ̀ jẹ́, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kí wọ́n nípọn tó ìdajì íǹṣì, kí wọ́n já sínú ọkọ̀, kí wáṣà ńlá wà nídìí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ọ̀tì náà sì jẹ́ irú tó ní rọ́bà nínú tí kì í tú. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò kà sí: nọ́ọ̀tì inú ni kí wọ́n máa yí nígbà tí wọ́n bá ń dè é, kí orí bóòtù tó wà níta dúró jẹ́ẹ́. Bí orí bóòtù bá ń yí, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i á ya, omi á tún gba ibẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọn gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ pe mẹkáníìkì mìíràn wá yẹ inú ẹ́ńjìnnì wò. Kí ẹ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé owó àyẹ̀wò nìkan lẹ máa san fún un, òun kọ́ ló máa tún un ṣe, kó má baà ní ìdí láti bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Kó wọn compression, ìyẹn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń fún pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ní sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí ọ̀kan fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí èkejì. Kó tú plọ́ọ̀gì wò bóyá ó ti jó tàbí bóyá èérún irin ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kó tún wo rọ́bà tó ń fa omi nínú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, nítorí pé rọ́bà yẹn kì í pẹ́ bàjẹ́ bí kò bá rí omi. Kí ó kọ ohun tó rí sínú ìwé, kó fi ọjọ́ sí i, kó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ tún yẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wò pẹ̀lú rìsíìtì. Ṣé òǹtajà gidi ló kọ rìsíìtì náà, ṣé nọ́ńbà inú rẹ̀ bá ti ara ẹ́ńjìnnì mu? Mo béèrè èyí nítorí pé ẹ kò bá a lọ síbi tó ti rà á. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ni ó fi owó tuntun rà fún yín, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní iṣẹ́ tí kò dára, ó ti di jìbìtì, ìyẹn sì ni ọlọ́pàá lè bá yín dá sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ sọ fún àwọn ẹbí pé kí wọ́n ní sùúrù. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó já lásán. Bí ẹ bá fi ọlọ́pàá mú un, ẹ lè náwó sí i, kó tún yí i padà pé ẹ fìyà jẹ òun.

Ìwé ni kí ẹ kọ sí i. Ẹ fi ṣọwọ́ sí i lórí WhatsApp, kí ẹ sì tẹ èyí tí wọ́n á fi lé e lọ́wọ́. Kó ṣe ṣókí, kó má ṣe ní èébú nínú rárá. Irú èyí: “Mo san iye báyìí fún yín ní ọjọ́ báyìí kí ẹ ra ẹ́ńjìnnì 40 họ́ọ̀sì, kí ẹ sì gbé e sórí ọkọ̀ mi. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ga ní íǹṣì 20. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ẹ rà jẹ́ ti íǹṣì 15. Irin pẹlẹbẹ orí pùrópélà fi íǹṣì márùn-ún ga ju ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ. Bóòtù méjì ló wà dípò mẹ́rin, wọ́n sì ti dípẹtà. Omi ń jò wọlé níbi ihò. Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti tún un ṣe láìgba owó lọ́wọ́ mi, tàbí kí ẹ dá owó báyìí padà.” Ìwọ̀n tí ẹ̀yin fúnra yín bá wọ̀n ni kí ẹ kọ, ẹ má lo tèmi.

Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ rí ojú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ fún un láǹfààní yẹn. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà, ti ọdún 2018, sọ pé ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín gbọ́dọ̀ ṣe é bó ṣe yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè ní kó tún un ṣe tàbí kó dá ìwọ̀n owó tó tọ́ padà. Adájọ́ tàbí àgbààgbà tó bá gbọ́ ẹjọ́ yìí á kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ sọ fún un. Ní tèmi, bí ara ọkọ̀ bá ṣì le, ó lè tún bóòtù àti ihò ṣe lójú yín àti lójú ẹlòmíràn tó mọṣẹ́. Bí plywood bá ti rọ̀, oníṣẹ́ fáíbà ni kó ṣe é, kí mẹkáníìkì san owó rẹ̀.

Bó bá kọ̀, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn olórí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ní èbúté yín. Mẹkáníìkì tó ń jẹun lára ọkọ̀ ibẹ̀ kì í fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ lójú wọn. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Citizens' Mediation Centre, lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́, tó ń làjà láìgba owó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kóòtù fún ẹjọ́ owó kékeré, Small Claims Court, tí Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2018 ní kóòtù májísírééètì. Owó tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, ẹ lè sọ ẹjọ́ yín fúnra yín láìgba lọ́yà, òfin rẹ̀ sì ní kí ìdájọ́ wáyé láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Kí ẹ tó gbé ẹjọ́ lọ, ẹ ní láti kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù béèrè owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tí iye rẹ̀ hàn kedere ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Nítorí náà, “ó ba ọjà mi jẹ́” kò ní wúlò níbẹ̀. Iye tí ẹ san fún iṣẹ́ rẹ̀, iye tí àyẹ̀wò ná yín, iye tí oníṣẹ́ fáíbà gbà, àti ìyàtọ̀ láàárín iye tí ẹ́ńjìnnì kúkúrú náà tà báyìí àti iye tí ẹ fi rà á, ìwọ̀nyí ni kí ẹ kó rìsíìtì wọn jọ.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá tún gbé ẹ́ńjìnnì sórí ọkọ̀ yín, ẹ fún un lówó ohun èlò àti apá kan owó iṣẹ́. Ìyókù, ó di ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá dán an wò lójú omi. Ìdánwò tí mò ń sọ kì í ṣe kí wọ́n tan án kó dún ní èbúté. Ẹ di ẹrù tó wúwo tó ẹja yín sínú ọkọ̀, kí àbúrò yín tẹ̀ ẹ́ dé òpin ní ojú omi tó dákẹ́ (bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ tuntun, kó kọ́kọ́ lo wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀ ná), kó yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì, kí ẹ máa wo omi tó ń tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mẹkáníìkì bá ní ohun tí wọ́n fi ń ka eré ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ two-stroke (ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀) tó tóbi tó tiyín máa ń wà láàárín ìyípo 4,500 sí 5,500 ní ìṣẹ́jú kan lójú eré tó ga jù; ẹ wo ìwé ẹ́ńjìnnì yín. Bí kò bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, pitch pùrópélà rẹ̀, ìyẹn bó ṣe yẹ kó ti ọkọ̀ síwájú tó bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ti pọ̀ ju ohun tí ẹrù yín gbà lọ. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí pitch rẹ̀ fi íǹṣì kan kéré sí i, eré á fi bí 150 sí 200 gòkè. Kí àbúrò yín fa okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì yọ nígbà tó ń lọ jẹ́ẹ́, kó rí i pé ó kú lóòótọ́. Bí ẹ bá padà dé, ẹ fi tíṣù nu ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀. Bó bá gbẹ, ẹ sanwó.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ bi àbúrò yín, kí ẹ sì bi í ní ìdákọ́ńkọ́. Ẹ́ńjìnnì two-stroke tuntun máa ń nílò ọ́ìlì tó pọ̀ ju ti ìgbà yòókù lọ nínú epo ní wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́. Lórí púpọ̀ nínú wọn, lítà kan ọ́ìlì ló ń wọ kẹ́ẹ̀gì epo lítà 25 lákòókò yẹn, lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò di ìdajì lítà. Ọ́ìlì ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni, kì í ṣe ti ọ̀kadà. A kì í sì í tẹ̀ ẹ́ dé òpin láti ọjọ́ kìíní. Bí mẹkáníìkì kò bá sọ èyí fún yín nígbà tó gbé e kalẹ̀, ẹ kọ ọ́ mọ́ ẹ̀sùn yín. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, tí àbúrò yín ò sì tẹ̀ lé e, ó máa jù ú lù yín níwájú ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ ẹjọ́ náà, pàápàá bí compression bá ti rẹlẹ̀. Ìyẹn ò mú bóòtù méjì di mẹ́rin, kò sì mú ẹsẹ̀ kúkúrú di gígùn, ṣùgbọ́n ó lè dín owó tí ẹ máa rí gbà kù. Ẹ gbọ́ òótọ́ ibẹ̀ lẹ́nu àbúrò yín kí ẹ tó fi ìwé náà ránṣẹ́.